Ọ̀rọ̀ kan tó lé

Lisbon,
Ọjọ́ Àìkú.

Àlàní, ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyá ńkọ́? Bá mi kí wọn. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rẹ́rìn-ín títí níbi tí o ti béèrè ohun tí mo fẹ́ fi irin àtijọ́ àwọn Òyìnbó, ìyẹn àwọn mẹ́dàlì ogun tí mo ń rà, ṣe, nígbà tí ilé tí mo ń kọ́ n'Íbàdàn kò tíì ní òrùlé. Òótọ́ lo sọ. Àmọ́ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, ń wọ Lisbon bọ̀ lọ́dún 1807, ààfin kò dúró dè wọ́n. Dom João tó ń ṣe adelé fún ìyá rẹ̀ kó ẹbí àti ìjòyè, ó di ọkọ̀ ojú omi, ó di Brazil. Bahia ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí, Bahia yẹn náà tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ tà nígbà náà. Ìyẹn kì í kúrò lọ́kàn mi bí mo bá ń ka ìtàn yìí. Rio ló wá fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì ti jí oyè àtijọ́ kan dìde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1808: Torre e Espada, ìyẹn Ilé-ìṣọ́ àti Idà. Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó bá àwọn ọmọ ogun Napoleon jà, gbà á. Beresford, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣe olórí ọmọ ogun Potogí ní 1809, náà gbà á.

Oyè yìí ló kó bá mi. Ẹnìkan gbé àmì rẹ̀ kan jáde fún títà, ó ní ti ìgbà Napoleon ni. Ojúkòkòrò gbé mi wọ̀, mo sanwó. Má béèrè iye, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Nígbà tó dé, mo gbé e sábẹ́ iná, mo ń fi awò ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: Valor, Lealdade e Mérito. Ìgboyà, ìṣòótọ́ àti ìtóye. Inú mi dùn, mo lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́ kí orí mi tó pé. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lára ti 1808: Valor e Lealdade. Ọdún 1832 ni Dom Pedro, ọmọ Dom João, tún oyè náà tò, tó fi Mérito kún un. Napoleon ti lo ọdún mọ́kànlá nínú sàréè nígbà yẹn! Èmi tí mo ń sọ Potogí láti àárọ̀ dalẹ́ níbi iṣẹ́.

Mo gbé ìtìjú mi lọ sí Feira da Ladra, ọjà àlòkù tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé ní Campo de Santa Clara. Bí a bá túmọ̀ orúkọ rẹ̀ ṣákálá, ọjà obìnrin olè ni. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé olóòótọ́. Bàbá kan tó ń ta bọ́tìnnì aṣọ ológun yẹ àmì mi wò, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Ó lẹ́wà, àmọ́ ọmọdé ni." Ó wá ṣí páálí ìṣáná kan, ó fi àgbélébùú kékeré kan hàn mí, nọ́ńbà 4 wà ní àárín rẹ̀. Ó ní kì í ṣe títà.

Irú èyí ni Dom João, tó ti di ọba, pàṣẹ láti Rio ní 1816 fún àwọn ọ̀gá ológun Potogí tó bá àwọn ọmọ ogun Napoleon jà. Nọ́ńbà yẹn ni iye ìgbà tí ẹni náà jáde ogun láàárín ọdún 1809 sí 1814. Mẹ́fà ló pọ̀ jù. Àmọ́ orúkọ kò sí lára rẹ̀. Mẹ́dàlì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún tiwọn ní 1847 ní orúkọ ológun létí. Wọn kò fún àwọn Potogí ní irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ogun Wellington ni wọ́n jẹ́, wọ́n sì dúró gbọn-in pẹ̀lú rẹ̀ lójú ogun Buçaco nílẹ̀ Potogí ní 1810. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, bí ẹni pé bàbá mi ni wọ́n fi dù ú.

Bàbá yẹn, ẹni tó ní àgbélébùú, ló rán mi lọ sí Arquivo Histórico Militar, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ àwọn ológun. Àlàní, ìwé ló wà níbẹ̀! Ìwé ńláńlá tí akọ̀wé ológun fi ń kọ ọmọ ogun sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, abúlé rẹ̀, bó ti ga tó, àwọ̀ irun rẹ̀. Yíǹkì rẹ̀ ti di bíi omi ẹ̀kọ gbígbóná tó dà sórí bébà. Níbi tí mo bá ti rí morto, ìyẹn "ó ti kú", létí ìlà kan, n óò dáwọ́ dúró díẹ̀ kí n tó ṣí ojú ewé. Mo ti ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi mi báyìí, kí n lè mọ irú èèyàn tó máa ń ní 4 láyà. Owó tí ìyẹn ń ná mi kò ju ti ọkọ̀ lọ.

Ti 1832 yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi. N kò ní tà á fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tà á fún mi.

Ní ti òrùlé, mo fi owó páànù ránṣẹ́ sí káfíńtà lánàá. Jọ̀ọ́, yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kí o wò ó bóyá ó ti rà á lóòótọ́, kí o sì ka páànù náà.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní