Ẹ kọ iye owó àti iye olùkọ́ sí ara ògiri iléèwé ìjọba

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú ń bí mi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni iléèwé aládàáni tí àwọn ọmọ mi ń lọ fi ìwé owó táàmù kẹta ránṣẹ́. Owó ẹ̀kọ́ ló wà lókè, ìyẹn kò ṣàjèjì sí mi. Àwọn tó tò sábẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn: owó lẹ́sìn, tí wọ́n kọ "dandan" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, owó ìdàgbàsókè, owó ìrìn-àjò afẹ́, owó kọ̀ǹpútà fún ọmọ ọdún márùn-ún, owó aṣọ àti fìlà ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Àbígbẹ̀yìn mi tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ní ó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ jáde o. Inú ọgbà kan náà ló ń lọ, láti yàrá ìsàlẹ̀ sí yàrá òkè. Ọmọ tí kò tíì lè kọ orúkọ bàbá rẹ̀ tán, èwo ni ti ìkẹ́kọ̀ọ́jáde?

Aṣọ ni mo ń rán jẹun, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè tàn mí lórí yunifọ́ọ̀mù. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta yáàdì rẹ̀ ní Gbági, mo mọ owó òwú àti bọ́tìnnì. Iléèwé yìí kì í gbà kí òbí rán an níta. Ọ́fíìsì wọn la ti gbọ́dọ̀ rà á, ní iye tó ju ìlọ́po méjì ohun tí mo lè fi rán èyí tó dáa jù ú lọ. Mo tú ṣòkòtò ọmọ mi ọkùnrin wò lórí tábìlì mi. Wọn ò fi aṣọ kankan sílẹ̀ ní ìṣẹ́tí ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé aṣọ ọmọdé, ńṣe la máa ń ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú dáadáa kí a lè tú u sílẹ̀ bí ọmọ bá ń ga. Èyí tí wọ́n tà fún wa, bí ọmọ bá ti ga díẹ̀ báyìí, ká tún lọ ra òmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé. Inú ìwé gan-an ni wọ́n ń kọ ìdáhùn sí, àbúrò kò lè gbà á lò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Nígbà tiwa, ìwé kan náà ni èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi lò, kàlẹ́ńdà àtijọ́ la fi ń bò ó kí ó má baà ya.

Mo wá sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé kí n lọ wo iléèwé ìjọba tó wà lẹ́yìn ilé wa, bóyá a lè gbé èyí àárín, tó wà ní pírámárì kẹrin, lọ síbẹ̀. Ọ̀gá iléèwé náà gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ní àyè wà. Ó ní a ò ní san owó kankan. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Ṣùgbọ́n màmá, ẹ ó bá wa gbé àga àti tábìlì rẹ̀ dání o."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí kíláàsì. Àwọn ọmọ mẹ́rin há sórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kí ọmọ méjì jókòó sí. Àwọn tó kù wà nílẹ̀, lórí àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n tú tẹ́. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló wà níwájú kíláàsì méjì: ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín pátákó, apá kan fún pírámárì kẹta, apá kejì fún pírámárì kẹrin, ó ń ti ibì kan bọ́ sí ibì kejì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, kí n má purọ́ mọ́ni. Obìnrin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú okùn gígùn kan dání, ó ká a sí méjì, ó bi wọ́n ní Yorùbá pé kí lèyí, wọ́n pariwo pé ìdajì ni. Ó tún un ká, wọ́n ní ìdámẹ́rin. Ó ní kí ọmọkùnrin kan wá fi ìdámẹ́rin mẹ́ta hàn án lára okùn náà, ọmọ yẹn kò ṣì í. Nígbà tí mo délé, mo fún ọmọ tèmi ní téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ, mo ní kó fi ìdámẹ́rin mẹ́ta yáàdì hàn mí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì mọ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò lè fi hàn mí. Ọmọ tí mo ń yá owó àjọ san owó iléèwé rẹ̀!

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù. Iléèwé aládàáni tiwa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, bí ẹni pé èdè wa ló ń dí ọpọlọ ọmọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifásitì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ní gbogbo ẹ̀kọ́ ní iléèwé pírámárì kan ní Mọdákẹ́kẹ́, odidi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì náà.

Àwọn olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wà ní iléèwé ìjọba. NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ni òfin ẹ̀kọ́ wa sọ pé ó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní. Nínú iléèwé aládàáni kéékèèké tó kún àdúgbò wa, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán, tó ń dúró de JAMB, ni wọ́n ń kó kíláàsì lé lọ́wọ́. Owó tí wọ́n ń san fún un, ojú máa ń tì í láti dárúkọ rẹ̀. Bó bá ti rí iṣẹ́ míì, ó lọ nìyẹn. Láàárín ọdún kan, àwọn ọmọ á ti pààrọ̀ olùkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n ti iléèwé pa nítorí àrùn Kòrónà ní 2020, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ aládàáni kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ọ̀kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n kọ́ òun ní iṣẹ́ aṣọ.

Kí ló wá dé tí gbogbo wa fi ń sá lọ síbẹ̀? Ẹni tó ń wo iléèwé aládàáni ni òbí tó sanwó. Bí olùkọ́ kò bá wá lónìí, ọ̀la ni màmá kan á ti dúró sẹ́nu géètì. Iléèwé ìjọba, ta ló ń wò ó? Àwọn tó wà lórí àlééfà kò wò ó, ọmọ wọn kò sí níbẹ̀. Wọ́n á wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n á pín ìwé tí orúkọ wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ. Ìgbà tí owó oṣù bá sì dúró, bí ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun kan ń gba ìdajì owó oṣù láti 2015, iléèwé ìjọba ló ń kọ́kọ́ fojú winá rẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látijọ́. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọ iléèwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà ìjọba Awólọ́wọ̀, tí Olóyè Awókọ́yà jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ọmọ tó wà ní pírámárì lé ní 800,000 lọ́dún yẹn, bẹ́ẹ̀ wọn kò tó 460,000 lọ́dún tó ṣáájú. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ olóyè jọ jókòó ni. Bàbá mi ṣì máa ń kọ̀wé tó gún régé ju ti ọmọ gíráma mi lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní kí wọ́n ti iléèwé aládàáni pa. Ìjọba Jákáńdè gbìyànjú irú rẹ̀ ní Èkó ní 1980, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ san owó rẹ̀, kó máa san án. Èmi tí n kò lówó mọ́ ńkọ́?

Òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 wà nílẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ pírámárì àti ti gíráma kékeré ní iléèwé ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ní ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ òbí lè san ìtanràn tó tó ₦10,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ó tún ní òbí tó bá kọ̀ láti rán ọmọ lọ síléèwé, ìjọba lè fìyà jẹ òun náà. Ó dára. Òbí rán ọmọ lọ, wọ́n ní kó gbé àga àti tábìlì wá. Ṣé àga àti tábìlì kì í ṣe owó? Iye tí káfíńtà bù fún mi ju owó lẹ́sìn táàmù kan lọ. N kò sì bá ọ̀gá iléèwé yẹn wí, nítorí kò ní ohun tó fẹ́ fi ra bẹ́ǹṣì. Àwọn tó yẹ kó fún un ni mò ń bá wí.

Owó yẹn wà. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ Nàìjíríà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ sì mú ìdajì owó iṣẹ́ wá. Lọ́pọ̀ ọdún la ti ń gbọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan kò mú tiwọn wá, owó náà á sì wà ní Àbújá láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, nígbà tí ọmọ wà lórí àpò sìmẹ́ńtì. Èyí tí wọ́n tiẹ̀ gbà, ta ló sọ fún wa pé ó dé iléèwé ẹ̀yìn ilé wa? Ta ló ń wò ó?

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí, kò sì le. Kí gbogbo iléèwé ìjọba kun ibì kan lára ògiri tó kọjú sí títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ní dúdú, kí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ síbẹ̀: iye ọmọ tó wà; iye olùkọ́ tó yẹ kó wà àti iye tó wà lóòótọ́; iye bẹ́ǹṣì; iye owó tó dé ní táàmù yìí àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Bí iṣẹ́ ìkọ́lé bá ń lọ, kí wọ́n kọ orúkọ kọngílá, iye tó gbà, àti ọjọ́ tó yẹ kó parí. Bí owó kankan kò bá dé, kí wọ́n kọ òdo gàdàgbà. Kí ó má jẹ́ bébà tí wọ́n máa lẹ̀ sínú ọ́fíìsì. Bébà á ya, òjò á pa á, ọ́fíìsì á sì wà ní títì pa. Ara ògiri ni mo wí, níbi tí ẹlẹ́kọ, ọlọ́kadà àti bàbá arúgbó tó ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí á ti máa rí i láàárọ̀.

Kí ọ̀gá iléèwé àti alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ jọ fọwọ́ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí wọ́n tún un kọ ní táàmù tó tẹ̀ lé e. Kí ìjọba sì ṣe òfin pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀gá iléèwé tó bá kọ òótọ́ lọ sí ìgbèríko láti fi fìyà jẹ ẹ́, nítorí ìyẹn ni àwọn ọ̀gá ń bẹ̀rù. Àwọn rédíò ìbílẹ̀ wa lè máa kà á sétí aráàlú. Bí mo bá rí i lára ògiri pé olùkọ́ mẹ́sàn-án ló yẹ kó wà, pé mẹ́rin ló wà, mo ti ní ohun tí n óò gbé lọ bá káńsẹ́lọ̀ nígbà tó bá wá tọrọ ìbò. Mo ń san owó ṣọ́ọ̀bù fún ìjọba ìbílẹ̀. Owó mi wà níbẹ̀ bó ṣe wà ní iléèwé aládàáni, ó yẹ kí n lè dúró sẹ́nu géètì náà.

Kí àwọn aládàáni pẹ̀lú kọ gbogbo owó wọn àti ìwé ẹ̀rí olùkọ́ wọn síta kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìjọba fòfin de fífi ipá ta yunifọ́ọ̀mù. Kí wọ́n gba olùkọ́ sí i.

Àwọn kan ní kí wọ́n kàn fi dandan mú àwọn tó ń ṣèjọba láti fi ọmọ wọn sí iléèwé ìjọba. Gómìnà Kàdúná fi ọmọ rẹ̀ sí ọ̀kan ní 2019, gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Iléèwé tí ọmọ gómìnà bá wà ni wọ́n máa tún ṣe. Tiwa lẹ́yìn ilé ńkọ́?

Mo ti bá ayàwòrán tó wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi sọ̀rọ̀ nípa ògiri yìí, ó ní iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Bí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa bá fún ọ̀gá iléèwé náà láṣẹ, èmi ni n óò san owó ọ̀dà àkọ́kọ́. Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí wọn, mo sì ń retí èsì kí táàmù tuntun tó wọlé.

Èmi ni,
Ìyá Àánú, aránṣọ,
Ìbàdàn.