Màmá mi, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ náà lẹ́nu mi

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ohùn ránṣẹ́, mo sì ka èyí tí ẹ ní kí Fúnmi kọ. Ẹ ní báwo ni àwòrán èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí kẹ̀kẹ́ tí a fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ṣe tètè dé ju owó lọ. Owó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó kọ́kọ́ yà sí.

Bíréèkì ló gbé e. Kẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kò fẹ́ agbára ẹsẹ̀, òkè fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Dídá a dúró ni iṣẹ́ ibẹ̀. Dísìkì irin tí páàdì ń fún mọ́ra máa ń fẹ̀ tó mílímítà 200, kó lè gba ooru. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè délẹ̀ láì tú u sílẹ̀, ọ́ìlì inú rẹ̀ lè hó. Bó bá ti hó, ọwọ́ bíréèkì á kàn rọ̀ wọlé ni, kẹ̀kẹ́ ò ní dúró. Torí náà, à ń tẹ̀ ẹ́ gidi fún ìwọ̀nba àsìkò, a ó sì tú u kó tutù. Kí a tó dé kọ́nà la ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe inú kọ́nà. Ìka kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìka yòókù di kẹ̀kẹ́ mú. Páàdì tí nínípọn rẹ̀ kò bá tó mílímítà 1 mọ́, pípààrọ̀ ni. Bíréèkì tó ń lo ọ́ìlì DOT, ìyẹn irú ọ́ìlì bíréèkì kan, kò gbọdọ̀ rí irú ọ́ìlì míì, rọ́bà inú rẹ̀ á wú, á bàjẹ́. Ṣé irú nǹkan yìí lẹ fẹ́ kí n lọ ra àlòkù rẹ̀?

Táyà náà ní ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tirẹ̀, psi la fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ náà. Fún ẹni tó wúwo tó kílò 75, tí kò lo tíúbù, psi 22 sí 25 níwájú, 25 sí 28 lẹ́yìn. Bó bá rọ̀ jù, òkúta á gba inú rẹ̀ lu ríìmù. Bó bá le jù, á máa ta lórí gbòǹgbò igi, kò ní di ilẹ̀ mú. Àárọ̀ là ń wọ̀n ọ́n, torí òtútù òru ń dín agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù.

Àṣíborí tó bo àgbọ̀n ni mo ń dé, mo sì ń wọ ìbòrí orúnkún àti ti ìgúnpá. Fóòmù inú àṣíborí máa ń fọ́ mọ́ra bó bá ti fara gbá ilẹ̀ gidi lẹ́ẹ̀kan, ojú ò sì ní rí i, nítorí náà a kì í tún un dé. Ẹ má bi mí ìdí tí tèmi fi jẹ́ tuntun. Kò sí nǹkan kan, Màmá.

Ní ti oorun inú igbó: a kì í pàgọ́ sí kòtò tí omi ń wọ́ sí, a sì kọ́kọ́ ń wòkè bóyá ẹ̀ka gbígbẹ wà lórí wa. Bí òjò ń rọ̀ bí ò rọ̀, a kì í dáná nínú àgọ́, torí èéfín tí kò lóòórùn ló ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹní tó nípọn lábẹ́ ara ṣe pàtàkì bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ ló ń fa ooru jáde lára. A kì í dín ní mẹ́ta: bí ẹnì kan bá farapa, ẹnì kan á dúró tì í, ẹnì kẹta á lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ lójúmọ́, jẹ́jẹ́ ni, kí a lè mọ̀ bóyá òjò ti gbé òkúta sọ́nà. Bó bá sì ti rẹ ọwọ́, a ti ṣe tán lọ́jọ́ náà, ọwọ́ tó rẹ̀ ò lè tẹ bíréèkì.

Fúnmi ti ní orúkọ ibi tí a ń lọ àti aago tí a ó dé. Bí aago yẹn bá kọjá, òun ni kó pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún pe àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ Ẹtì ni owó á wọlé. Ṣé ẹ ò tíì ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni?

Ọmọ yín,
Ṣọlá