Ẹ má tíì bu owó èéfín lé epo wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, tí a sì gbọ́ pé owó àfikún ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú rẹ̀ lórí epo, ohùn méjì ni mò ń gbọ́ ní Òṣogbo níbí. Àwọn kan ní ìyà mìíràn tún dé. Àwọn kejì, tí púpọ̀ nínú wọn kì í ra dísù (epo dísẹ́ẹ̀lì) fúnra wọn, ní owó èéfín ni, ìyẹn owó tí ẹni tó ń sun epo ń san nítorí èéfín rẹ̀, àwọn ìlú tó lajú ń san án, kí àwa náà san tiwa. Mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹja dídì ni mò ń tà báyìí. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí lọ́tùn-ún lósì.

Èmi kò sí lára àwọn tó ní owó èéfín burú pátápátá. Àwa ará Òṣogbo gan-an ló yẹ kó tètè yé. Odò Ọ̀ṣun, tó ń gba inú igbó tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ti di omi ẹrẹ̀ lójú wa nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Èrè jẹ́ tiwọn, ẹrẹ̀ jẹ́ tiwa. Gbogbo wa la sì fẹnu kò pé ẹni tó da omi rú ni kó sanwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èéfín kò yàtọ̀ sí i. Ẹni tó ń tú u sójú òfurufú kò san kọ́bọ̀ fún ooru àti ìdàrúdàpọ̀ òjò tó ń dá sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Tí wọ́n bá ní kó máa san, yóò ronú, yóò wá ọ̀nà mìíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di wàhálà nìyẹn: ọ̀nà mìíràn wo? Òṣogbo yìí kan náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà (ẹ bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀), síbẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Tí dísù bá fi ìdá márùn-ún wọ́n sí i, mi ò ní dín iye tí mò ń sun kù, torí ẹja kò mọ̀ pé owó orí ti dé. Tí firísà bá kú, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Màá fowó lé kótè àti títù ni. Obìnrin tó ń ra méjì yóò ra ẹyọ kan, yóò gé e sí wẹ́wẹ́ fún àwọn ọmọ. Èéfín tó ń jáde lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi kò ní fi ìdá kan dín kù. Bákan náà ni awakọ̀ kọ̀rọ̀pẹ́ láti Ọlá-ìyá sí Òkè-Baálẹ̀: èrò ọkọ̀ ni yóò bá a san án.

Wọ́n ní ká ra sólà. Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n owó epo ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú ohun tí a tà lónìí, owó sólà àti bátìrì ní tirẹ̀ fẹ́ kí a kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló ní irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ohun tí ojú wa rí láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023?

Kí n má ṣe purọ́ mọ́ òfin náà, ó yọ kẹrosíìnì ìdáná, gáàsì ìdáná, CNG (gáàsì tí àwọn ọkọ̀ kan ń lò) àti irú iná tó ń ti ara oòrùn wá kúrò. Ìyẹn dára púpọ̀, torí tí gáàsì bá wọ́n, èédú àti igi ni àwọn èèyàn yóò padà sí. Ṣùgbọ́n dísù ni tírélà tó ń kó tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya ń mu.

Mo mú bírò mo ṣe ìṣirò. Lítà bẹntiróòlù kan tí a bá sun ń tú nǹkan bíi kílò 2.3 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde. Ká ní 900 náírà ni lítà kan, ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 45 náírà. Ó túmọ̀ sí nǹkan bíi 19,500 náírà lórí tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn dọ́là 13 tí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500. Tí epo bá di 1,200 lọ́la, owó náà yóò gòkè di 60 náírà, bẹ́ẹ̀ èéfín inú lítà náà kò yí padà. Iye owó epo ni wọ́n ń bu owó orí lé, wọn kò wo èéfín rárá. Ọ̀gbẹ́ni Taiwo Oyedele tó darí ìgbìmọ̀ àtúntò owó orí kúkú ti ṣàlàyé pé kì í ṣe ohun tuntun, pé ó ti wà nínú òfin FERMA, àjọ tó ń tún ojú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe, tẹ́lẹ̀, pé ojú ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ fi tún ṣe. Kí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ gbè é lẹ́sẹ̀ jọ̀ọ́ jókòó.

Gáàsì tí àwọn ilé iṣẹ́ epo ń dáná sun ní Niger Delta wá ńkọ́? Láti 2018, ìlànà ní kí àwọn ńlá inú wọn san dọ́là méjì lórí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ onígun mẹ́fà (cubic feet) gáàsì tí wọ́n bá sun. Ìwọ̀n yẹn ń tú ohun tó lé ní 50 kílò kábọ́ọ̀nù jáde, nítorí náà, lórí ìwé, ìyà tiwọn lórí tọ́ọ̀nù kan ju ìlọ́po méjì tiwa lọ. Ó yà mí lẹ́nu. Síbẹ̀ Nàìjíríà ṣì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tó ń sun gáàsì jù lágbàáyé. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ epo kúkú ní ọ̀nà mìíràn: ẹ gbá gáàsì náà jọ, ẹ tà á! Ibẹ̀ ni kí ìjọba ti kọ́kọ́ fi hàn wá pé òun lè gba owó èéfín lọ́wọ́ alágbára.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gba owó èéfín rí kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Sweden bẹ̀rẹ̀ ní 1991, wọ́n fi kékeré bẹ̀rẹ̀, wọ́n dín owó orí mìíràn kù, ohun mìíràn sì wà tí àwọn èèyàn lè fi mú ilé wọn gbóná. Ní Faransé, ní oṣù Kọkànlá 2018, àwọn ará abúlé tí kò rí bọ́ọ̀sì wọ̀ ló wọ ẹ̀wù yẹ́lò jáde láti tako àfikún owó orí epo, ìjọba sì dá àfikún náà dúró. Kánádà máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà padà sí àpò àwọn ìdílé, ọ̀pọ̀ kò gbà pé àwọn ń rí i, wọ́n sì fòpin sí ti aráàlú ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2025.

Ìdí kan wà tí mi ò fi ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà nù. Láti oṣù Kìíní 2026, ilẹ̀ Yúróòpù ti ń ka owó èéfín sí ọrùn irin, sìmẹ́ǹtì àti ajílẹ̀ tó bá wọ ọjà wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ ohun tí a bá ti san nílé kúrò. Kòkó wa kò sí nínú rẹ̀. Ajílẹ̀ tí a ń tà sókè òkun wà níbẹ̀, ó sì sàn kí owó yẹn kúkú wà ní Àbújá ju kí ó wà ní Brussels lọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ti orí epo dúró ná. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé e dé dandan, kí wọ́n wọ̀n ọ́n pẹ̀lú èéfín, kí ìlàjì rẹ̀ ó gba ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó láti ra sólà fún aláta, télọ̀, ẹlẹ́ja àti onígáréèjì. Owó tí a ń kó fún dísù lójoojúmọ́ la ó fi san án padà. Ẹ má tún kó ìrẹsì wá o.

Òfin ní kò lè bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí Mínísítà ètò ìṣúná bá gbé àṣẹ jáde. Kó tó gbé e jáde, Olóòtú, ẹ rán oníròyìn yín lọ bá wa bi í pé ṣé wọn yóò máa tẹ iye tí wọ́n gbà àti ibi tí wọ́n ná an sí jáde, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́ja,
Ọjà Ìgbọ̀nà, Òṣogbo.