Bàbá tún gun òrùlé

Kàbà,
Oṣù Kẹrin.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Okun o! Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé òtútù Kánádà ti ń rọlẹ̀? Òjò àkọ́rọ̀ ti dé síbí, òun gan-an ló sì dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bàbá yín ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Mo dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ìjì tó ṣáájú òjò náà ṣí páànù méjì lórí ilé yín, lókè yàrá tí àwa méjèèjì máa ń sùn nígbà ọdún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo gbọ́ kó, kó, kó. Mo yọjú, Bàbá ti wà lókè, òòlù lọ́wọ́, ìṣó lẹ́nu. Àkàbà ayé ìgbà Màmá nì ni wọ́n gbé, wọ́n sì gbé e lé orí àpótí nítorí pé kò tó òrùlé! Mo sáré lọ di ìdí rẹ̀ mú. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, igi ìdábùú kan kán lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n rọ̀ mọ́ etí òrùlé... Ọlọ́run ló yọ wá. Ojúgun wọn ló bó. Àyà mi ṣì ń já bí mo ti ń kọ èyí.

Mo pariwo. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí bàbá rẹ tó fẹ́ ìyá rẹ ni mo ti ń gun ọ̀pẹ." Òótọ́ ni, ta ni kò mu nínú ẹmu wọn? Ṣùgbọ́n igbà yí èèyàn àti ọ̀pẹ po ni. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, igbà ṣì wà ní ìbàdí. Àkàbà kì í di ẹnikẹ́ni mú.

Bàálé mi kan àkàbà tuntun fún wọn lọ́jọ́ kejì. Ó ń fi hàn wọ́n: bí ibi tí a fi àkàbà tì bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ìdí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 jìnnà sí ògiri, kí orí rẹ̀ yọ kọjá etí òrùlé ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú, kí wọ́n sì so ó mọ́ igi àjà. Ti síso yẹn nìkan ni wọ́n gbà. "Hẹn, èyí jọ igbà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. O mọ ẹ̀rín yẹn. Wọ́n á tún gùn ún ni.

Àbúrò mi tó wà ní Ìsánlú bí ọkùnrin, iṣu wọ́n, àkọ́bí mi fẹ́ ṣe WAEC, bá wa gbàdúrà.

Páànù tó ti dípẹtà ṣì kù lórí ilé náà. Owó kọ́ ni mò ń tọrọ. Bàálé mi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Jọ̀ọ́, pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Má sọ pé wọ́n ti dàgbà. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn wọ́n. Sọ pé ojú wọn nìkan lo gbẹ́kẹ̀ lé, kí wọ́n jókòó sábẹ́ máńgòrò, kí wọ́n máa darí àwọn ọmọ náà. Ohùn rẹ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Mo ti gbé àkàbà tuntun náà wá sílé wa, mo tì í mọ́ yàrá iṣu. Wọ́n ti wá béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lónìí.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ àtìgbà èwe.