Lẹ́tà sí ọ̀dọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù nínú eré baseball, tó sì ń retí ìpè sí líìgì ńlá

Ọmọ mi,

Ẹ̀rọ tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yára tó ti ka máìlì 98 ní wákàtí kan sí fastball rẹ, bọ́ọ̀lù tí o ń fi gbogbo agbára jù. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ń béèrè pé kí ló dé tí o ṣì wà ní Triple-A, líìgì tó wà lábẹ́ líìgì ńlá gan-an, mo sì mọ̀ pé ìwọ náà ń bi ara rẹ ní òru. Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kò lè dá ọ lóhùn. Ẹni tó tó gòkè ni ẹni tó lè ju irú bọ́ọ̀lù rẹ̀ kejì, yàtọ̀ sí fastball, síbi tó fẹ́ nígbà tí nǹkan ò rọgbọ, tí ara rẹ̀ sì lè tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi yẹ ara rẹ wò nìyẹn.

Láti òkìtì tí o dúró lé sí plate, ibi tí onígi (ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù) dúró tì, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6. Bọ́ọ̀lù rẹ ń dé ibẹ̀ láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Àkókò yẹn kéré lóòótọ́, àmọ́ ojoojúmọ́ ni àwọn onígi òkè, ìyẹn ti líìgì ńlá, ń rí irú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé fastball ló ń bọ̀, tó sì wá bọ́ sí àárín, wọn yóò gbá a kọjá ògiri.

Ìgbà wo ni wọ́n máa ń mọ̀? Ìgbà tí o bá ti wà ní 2-0 tàbí 3-1 ni, ìyẹn bọ́ọ̀lù méjì tó ṣìnà láìsí strike (bọ́ọ̀lù tó bọ́ sí ibi tó yẹ tàbí tí onígi gbá tì), tàbí mẹ́ta tó ṣìnà pẹ̀lú strike kan. Mú ìwé, kí o wo fídíò eré mẹ́fà tí o ṣe kẹ́yìn, kí o kọ gbogbo 2-0 àti 3-1 tó wà níbẹ̀ sílẹ̀: kí lo jù, ibo ló bọ́ sí, ṣé strike ni? Bí slider (bọ́ọ̀lù tó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́) tàbí changeup (bọ́ọ̀lù tó jọ fastball àmọ́ tó ń falẹ̀) rẹ kò bá di strike ju ìdajì lọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, irú bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lo ní, bí wọ́n tilẹ̀ ń ka mẹ́rin mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni eré tó wà lápá rẹ. Àkísà ni gbogbo 2-0 tí àwọn tó ṣáájú rẹ ti kó sí, tí wọ́n sì ti yọ.

Bí ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń jù, àwọn onígi ọlọ́wọ́ òsì ni yóò kọ́kọ́ tú ọ fó. Slider rẹ ń yà wọlé sọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń rí i láti ọ̀nà jíjìn. Changeup ló ń yà kúrò lọ́dọ̀ wọn, òun ni mo fi ń bẹ̀ ọ́. Ó yẹ kó fi bíi máìlì 8 sí 10 lọ́ra ju fastball lọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni pé wọ́n ń dín eré apá kù kí bọ́ọ̀lù lè falẹ̀. Onígi á ti rí i lára apá kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́. Má ṣe fọwọ́ kan eré apá rẹ. Ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn sínú àtẹ́lẹwọ́, jẹ́ kó jókòó sábẹ́ ìka àárín àti ìka tó tẹ̀ lé e, kí o wá jù ú bí ìgbà tí inú ń bí ọ. Bí o ṣe dì í mú ni yóò dín eré rẹ̀ kù.

O lè ní kí n wo Paul Skenes, pé kò pẹ́ rárá tó fi gòkè. Mo ti wò ó. Pittsburgh Pirates ló kọ́kọ́ mú un ṣáájú gbogbo ènìyàn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọ̀dọ́ ní 2023, fastball rẹ̀ ń kọjá 100, síbẹ̀ Indianapolis, ẹgbẹ́ wọn ní Triple-A, ni wọ́n fi í sí níbẹ̀rẹ̀ 2024. Eré méje ló ṣe níbẹ̀, inning (ìpele eré) 27 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, tí wọ́n ń bù kún iye bọ́ọ̀lù tó ń jù díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ló ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lókè. ERA rẹ̀ (iye àmì tó jẹ́ kí wọ́n gbà nínú inning mẹ́sàn-án, èyí tó kéré ló dára) lọ́dún náà jẹ́ 1.96, ó sì gba Rookie of the Year, àmì-ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó dára jù, ti National League, ọ̀kan nínú apá méjì líìgì ńlá. Ṣùgbọ́n kíyè sí splinker rẹ̀, bọ́ọ̀lù tó wà láàárín splitter àti sinker, irú bọ́ọ̀lù méjì tó ń rì. Lẹ́yìn tó kúrò ní yunifásítì LSU ló tó di ohun ìjà fún un. Ó mú nǹkan tuntun dání gòkè.

Ti David Clyde yàtọ̀. Ọmọ ọdún 18 ni ní 1973 nígbà tí Texas Rangers mú un tààrà láti ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì tíì pé oṣù kan tó ṣe eré ìkẹyìn níléèwé tó fi dúró lórí òkìtì líìgì ńlá. Pápá kún dẹ́múdẹ́mú, ó sì borí lọ́jọ́ náà. Torí pé èrò ń wá wò ó, wọn ò dá a padà lọ kọ́ṣẹ́. Ìgbà 18 ló borí, ìgbà 33 ló pàdánù, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà tó ṣe eré rẹ̀ kẹ́yìn lókè. Èyí dùn mí títí di òní, torí pé ọmọ náà ní ẹ̀bùn.

Bí wọ́n bá sì dá ọ padà sísàlẹ̀, má ṣe sunkún bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Roy Halladay fẹ́rẹ̀ẹ́ ju no-hitter (eré tí kò sí onígi kan tó rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá yọrí) nínú eré rẹ̀ kejì ní 1998. Ní 2000, ERA rẹ̀ jẹ́ 10.64. Toronto Blue Jays gbé e láti òkè lọ sí Dunedin, ní Single-A, líìgì tó relẹ̀ ju Triple-A lọ, níbẹ̀rẹ̀ 2001. Níbẹ̀ ni olùkọ́ tó ń jẹ́ Mel Queen ti tún un ṣe. Láti òkè orí ló ti ń ju bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, fastball rẹ̀ ń lọ tààrà, onígi sì ń rí i kedere. Queen mú kí apá náà wálẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í yà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Kí oṣù Keje 2001 tó parí, ó ti padà sókè. Ó gba Cy Young, àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù dáadáa jù lọ́dún, ní 2003 àti 2010, orúkọ rẹ̀ sì wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni baseball, ní 2019. Bí wọ́n bá fi ọ́ ránṣẹ́ sísàlẹ̀, béèrè ohun kan pàtó tí wọ́n fẹ́ kí o tún ṣe. Bí wọn ò bá lè dárúkọ rẹ̀, tún béèrè.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn tó ń jí base, ìyẹn sárésáré tó ń sá lọ sí ibùdó (base) tó kàn nígbà tí o bá ń ju bọ́ọ̀lù, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń sọ eré nù láìmọ̀. Láti ìgbà tí o bá ti kọ́kọ́ mira títí bọ́ọ̀lù yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó ń hán an, kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú àáyá 1.3 lọ. Ẹni tó hán an nílò bíi 2.0 láti jù ú dé base kejì. Sárésáré gidi ń dé ibẹ̀ láàárín 3.3 sí 3.4. Ṣé o rí i pé bí o bá lo 1.5, kò sí ohun tí ẹni tó wà lẹ́yìn plate lè ṣe fún ọ? Láti 2023, base ti fẹ̀ láti ínṣì 15 sí 18, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni o sì lè jù sí sárésáré tàbí kí o fẹsẹ̀ kúrò lórí òkìtì fún onígi kọ̀ọ̀kan. Bí o bá dán ẹ̀kẹta wò tí o kò mú un, balk (ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) ni, ó ti gba base ọ̀fẹ́. Aago kan tún ń ka àkókò tí o ní láti fi ju bọ́ọ̀lù: ìṣẹ́jú àáyá 15 bí kò bá sí ẹni lórí base, 18 bí ó bá wà. Nítorí náà, yí bí o ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ sí padà. Dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà kan, mẹ́rin nígbà mìíràn. Ẹni tó bá ń jù ní àkókò kan náà ni wọ́n máa ń jí lẹ́yìn.

Ní kí ẹnì kan yà ọ́ ní fídíò láti ibi tí onígi máa ń dúró sí, kí ó dá a dúró kí ọwọ́ tó jáde nínú ìbọ̀wọ́, kí ọ̀rẹ́ rẹ wá dárúkọ bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀. Bó bá gba púpọ̀, ìbọ̀wọ́ rẹ ń sọ̀rọ̀. Ó sábà máa ń fẹ̀ nígbà tí o bá ń wá ìdìmú changeup. Di changeup mú ṣáájú nígbà gbogbo, kí o ti ibẹ̀ yí sí fastball.

Nípa ara rẹ: iṣan kan tí wọ́n ń pè ní UCL ló so ìgbọ̀nwọ́ pọ̀ lápá inú. Bó bá já, iṣẹ́ abẹ tí dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe fún Tommy John, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bíi tìrẹ, ní 1974 ló kù, ó sì máa ń gbà tó ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kí èèyàn tó padà. Stephen Strasburg ju strikeout 14 (onígi 14 tó fi strike mẹ́ta lé kúrò) láìfún ẹnì kankan ní walk (base ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù mẹ́rin tó ṣìnà) lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lókè, ní oṣù Kẹfà 2010. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Kò sẹ́ni tó lè ní bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò tíì tó. Bí apá láti ìgbọ̀nwọ́ sí ọrùn-ọwọ́ bá ń le, bí fastball bá fi máìlì méjì wálẹ̀ láti inning kìíní sí ìkarùn-ún, bí bọ́ọ̀lù bá ń fò sókè láìjẹ́ pé o fẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí o bá ju inning 90 lọ́dún tó kọjá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 170 dán ọ wò lọ́dún yìí.

Owó wà níbẹ̀, mi ò ní díbọ́n. Ní 2025, owó tó kéré jù lọ́dún lókè jẹ́ dọ́là 760,000, ti Triple-A kò sì súnmọ́ ọn rárá. Mọ̀ pẹ̀lú pé ọjọ́ 172 lókè ni wọ́n ń kà sí ọdún kan, ẹgbẹ́ lè tìtorí ìyẹn dá ọ dúró nígbà tí o ti tó, kí ọjọ́ rẹ má bàa pé iye yẹn. Jẹ́ kí aṣojú rẹ bá wọn sọ ìyẹn. Ìwọ máa lọ sí bullpen, ibi tí ẹ ti ń múra láti ju bọ́ọ̀lù.

Bí ìpè bá dé, kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa hán bọ́ọ̀lù rẹ. Sọ fún un pé bọ́ọ̀lù méjì báyìí ni mo lè fi gba strike nígbàkúùgbà, ẹ̀kẹta ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Jù ú fún un nígbà tí ẹ bá ń múra, bíi 25 péré, kí o jẹ́ kó yan èyí tó wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà.