Lẹ́tà sí Bàbá Mi Lórí Àwọn Ọlidé Tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ti Gbàgbé

Salisbury,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, ẹ̀yin àti Màmá. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà. Àwa náà dúpẹ́. Ara àwọn ọmọ le, wọ́n sì ń kí yín.

Nígbà tí ẹ pè mí, ẹ bi mí pé ọlidé kí ni wọ́n ń gbà níhìn-ín ní Mọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún, àbí Empire Day tí ẹ máa ń yan fún ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ni. Kì í ṣe òun. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, tíí ṣe ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Victoria, ni Empire Day. Lẹ́yìn tí ọbabìnrin náà wàjà ní ọdún 1901 ni ìjòyè kan, Earl of Meath, ń polongo ọjọ́ náà káàkiri kí àwọn ọmọdé lè máa kí àsíá, ọdún 1916 ni ìjọba ibí sì tó fọwọ́ sí i. Ní 1958, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Commonwealth Day, wọ́n sì wá gbé e lọ sí oṣù Kẹta nígbà tó yá. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé ẹ̀yin tí wọ́n gbé e wá bá nílé lẹ ṣì mọ orin rẹ̀ lórí.

Ọlidé tí ẹ ń béèrè yẹn, Mọ́ńdè Pẹ́ńtíkọ́sì ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Sir John Lubbock, onísòwò báǹkì tó tún jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ló gbé òfin ọlidé báǹkì jáde ní 1871, tí ọjọ́ náà sì wọ inú rẹ̀. Àmọ́ nítorí pé Ọjọ́ Àjíǹde kì í dúró lójú kan, tí Pẹ́ńtíkọ́sì náà sì ń tẹ̀ lé e kiri, òfin 1971 já ọlidé náà kúrò lára ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kàn án mọ́ ìparí oṣù Karùn-ún. Láti ìgbà náà, kò sí ohun kan pàtó tí wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ́. Kí wọ́n ṣáà sinmi ni.

Èyí tó wù mí láti ròyìn fún yín jù ni Oak Apple Day, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. (Ẹ ó rántí pé ọjọ́ yìí kan náà ni Ọjọ́ Ìjọba Àwa-ara-wa lọ́dọ̀ tiwa, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà.) Ọdún 1649 ni wọ́n bẹ́ orí Ọba Charles Kìíní. Ọmọ rẹ̀, tó ń jẹ́ Charles bíi tirẹ̀, kógun jọ láti gba ìtẹ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Cromwell, olórí ogun àwọn tó bẹ́ orí bàbá rẹ̀, ṣẹ́gun rẹ̀ ní ìlú Worcester ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1651. Charles ọmọ sá dé Boscobel, ilé kan láàárín igbó, òun àti ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ William Careless gun igi oak, wọ́n sì fara pa mọ́ sáàárín ewé rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà, bí àwọn ọmọ-ogun ṣe ń tú igbó nísàlẹ̀. Ó sá lọ sí òkè òkun, kò sì padà wọ London gẹ́gẹ́ bí ọba títí di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1660, ọjọ́ tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ilé aṣòfin pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ọjọ́ náà dúpẹ́ lọ́dọọdún. Tọmọdé tàgbà ń fi ewé oak sáyà, àwọn ọmọ iléèwé a sì máa fi ewé kan tó ń jó ara bí èsìsì na èyí tí kò bá fi sí i ní ẹsẹ̀.

Ní 1859, aṣòfin fagi lé òfin náà pọ̀ mọ́ ti ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí Guy Fawkes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀tù bú ilé aṣòfin ní 1605. Ti Guy Fawkes kò kú, nítorí pé ọmọ wo ni yóò fi iná àti nọ́káọ́ọ̀tù sílẹ̀? Ti ewé oak ló parẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú.

Kò parẹ́ ní Great Wishford, abúlé kan tí kò jìnnà sí wa. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi débẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń lu ìkòkò, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń jí ará ilé gbogbo. Wọ́n gòkè lọ sí igbó Grovely, wọ́n gé ẹ̀ka oak wálé, wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀nà wọn lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì fa ẹ̀ka kan gòkè ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin mélòó kan gbé ìdì igi wá síwájú kàtídírà Salisbury, tí wọ́n jó, tí gbogbo wọn sì pariwo “Grovely, Grovely, Grovely, and all Grovely!” Màmá ì bá ti bọ́ sí agbo ijó náà.

Igi ìdáná ni wọ́n ń jó fún, Bàbá, kì í ṣe ọba. Ìwé ẹ̀tọ́ kan láti ọdún 1603 jẹ́rìí sí i pé àwọn ará abúlé lè máa ṣẹ́ igi nínú igbó Grovely, tó jẹ́ ti olówó kan, bí wọ́n bá ti ń jó lọ sí kàtídírà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Túsìdeè Pẹ́ńtíkọ́sì sì ni ìwé náà dárúkọ. Nígbà tó yá ni wọ́n gbé e wá sí ọjọ́ 29. Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ igi yìí ló gbé ọdún ọba náà ró. Níbi tí kò ti sí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, àṣẹ nìkan ni wọ́n ní, ìyẹn sì bá òfin lọ.

Bí físà yín bá jáde kí oṣù Karùn-ún tó ń bọ̀ tó dé, n óò mú yín lọ wò ó. Mo mọ̀ pé jíjí ní ìdájí kò ṣòro fún yín, ṣùgbọ́n òtútù òwúrọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí náà ẹ má gbàgbé súwẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ ní Kérésìmesì.

Èmi ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́