Ẹ bá wa ka ohun tí a kọ sínú dáyárì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ètò-ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2025, èyí tó dín iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ń ṣe kù, tó sì mú iṣẹ́ ọwọ́ bíi fífi iná sólà sílé, títún fóònù ṣe, aṣọ rírán àti ọ̀sìn ẹran wọ ilé-ìwé. Ẹ fọ̀rọ̀ wá òbí lẹ́nu wò, ẹ bi ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì. Tíṣà kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀. N kò bínú, ó ti mọ́ wa lára. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn tó ń kọ ètò-ẹ̀kọ́ máa gbọ́ tẹnu tíṣà.

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe tíṣà rí mọ dáyárì, ìwé ńlá tí a ń kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Ibi tó gbẹ̀yìn níbẹ̀, lápá ọ̀tún, rìmáàkì ni à ń pè é. Ibẹ̀ la ń kọ ọ́ sí bóyá iṣẹ́ yé ọmọ tàbí kò yé wọn, àti ohun tó fà á. Ọ̀gá á fi bírò pupa fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì, ó parí nìyẹn. Tí ọdún bá yípo, ó di inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ikán ló ń kà á tán.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, sikíìmù, ìwé tó ń sọ iṣẹ́ tí a ó kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní kí a kó àwọn ọmọ jáde lọ gbin àgbàdo ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà kejì. Ìparí oṣù kìíní nìyẹn o! Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ le gbagidi, kànga ilé-ìwé ti gbẹ. Mo rò ó títí bóyá ẹni tó kọ ọ́ gbin àgbàdo rí. Mo gbé iṣẹ́ náà lọ sí sáà kẹta, mo mú ìtọ́jú adìẹ tó wà ní sáà kẹta wá síwájú, mo sì kọ ọ́ sí rìmáàkì pé òjò kò sí. Alábẹ̀wò dé, ó ní kí ló dé tí n kò tẹ̀lé sikíìmù. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wojú ọ̀run.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé mo yà kúrò lójú ọ̀nà. Àgbàdo ọ̀hún yọ ní sáà kẹta, a sun ún jẹ kí a tó gba ọlidé.

Ti ẹ̀kọ́ nípa oògùn olóró tí a ń kọ́ ní àkọ́túnkọ́ ńkọ́? Mo ń kọ́ ọ nínú sáyẹ́ǹsì. Tíṣà sósíà ń kọ́ ọ, ti sífíìkì ń kọ́ ọ, ti eré ìdárayá náà kò gbẹ́yìn. Ọmọ kan na ọwọ́ sókè lọ́jọ́ kan, ó ní, “Mà, wọ́n ti kọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì.” Ìjọba gbìyànjú láti tún èyí ṣe nígbà tí wọ́n pa sósíà, sífíìkì àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn pọ̀ sábẹ́ orúkọ Religion and National Values. Orúkọ pa pọ̀ lóòótọ́, tíṣà kò pa pọ̀. Oníkálùkù ṣì ń gbé ìwé tirẹ̀ wọ kíláàsì, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá bí yóò ṣe rí.

Àjọ NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ni iṣẹ́ kíkọ ètò-ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ wọn. N kò ní parọ́ mọ́ wọn pé wọn kì í pe tíṣà rárá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni, n kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan nínú wa ní ìjọba ìbílẹ̀ wa lọ sí ìpàdé wọn rí. Bẹ́ẹ̀, ní àpérò ńlá tí wọ́n ṣe lórí ètò-ẹ̀kọ́ ní 1969, wọ́n pe àgbẹ̀, wọ́n pe ẹgbẹ́ obìnrin, àwọn oníṣòwò àti ẹlẹ́sìn náà jókòó.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kí wọ́n wò kò jìnnà sí wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation, àjọ aṣèrànwọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo nǹkan yòókù láti ọdún kìíní dé ọdún kẹfà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀. Ìwé kò sí nílẹ̀, wọ́n ní láti kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò sí, wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé inú kíláàsì ni wọ́n ti ń dán ìwé náà wò, tí wọ́n á tún un kọ. Ohun tí kò bá yé ọmọ, tíṣà ló máa kọ́kọ́ rí i. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé tìsinsìnyí. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba ní èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ìkéde òkú. Ẹ̀kọ́ Ìtàn náà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún dá a padà.

Àwa náà kò mọ́ tónítóní. Àwọn kan nínú wa ń da lẹ́sìn nóòtì ọdún tó kọjá kọ, àwọn mìíràn ń wa tiwọn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìka á. Ẹni tí kò ronú sí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá pè é. Àmọ́ a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, kódà bí orí náà bá dọ̀tí.

Kí ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa gba dáyárì wa ní ìparí ọdún, kí wọ́n ka rìmáàkì nìkan, kí wọ́n kó o jọ fún NERDC. Kò gba owó púpọ̀. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́ tuntun yìí, kí wọ́n fi ilé-ìwé díẹ̀ dán an wò ná. Iná kò tíì dé yàrá sáyẹ́ǹsì wa. Ẹni tó mọ fóònù tún ṣe ní àdúgbò wa, abẹ́ agboòrùn lẹ́bàá géètì ló jókòó sí. Kí wọ́n pe òun náà.

Ní tèmi, dáyárì ọdún mọ́kàndínlógún ṣì wà nínú àpótí mi nílé, àwọn tó kù ti bá ikán lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n láti Àbújá, kó wá. N ó ti nu eruku ara wọn dè é.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tíṣà JSS kan,
Ìkirè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.